Ọmọ Mi Kúnlẹ̀ Títí Rélùwéè Fi Lọ

Èmi ni mo kọ́ ọmọ mi ní ìkíni. Ìkíni yẹn ló jẹ́ kí rélùwéè fi wá sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Rigasa, ní Kàdúná, lónìí.

À ń lọ kí ìyá mi ní Abuja. Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà, kúnlẹ̀ fún bàbá arúgbó kan lórí bẹ́ǹṣì ibùdókọ̀. Bàbá gbọ́wọ́ lé e lórí, ó fi Hausa ṣàdúrà fún un pé kí Ọlọ́run bù kún un: "Allah ya miki albarka." Àdúrà ọ̀hún ò kúrú. Ló bá tún kúnlẹ̀ fún ẹni tó jókòó tẹ̀ lé e.

Mo ní, "Ó tó, rélùwéè fẹ́ lọ."

"Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ní kí n má fo àgbà kankan."

Rélùwéè fọn fèrè, ó gbéra. Ọmọ mi kúnlẹ̀ fún òun náà: "Ó dàbọ̀, sà."

Mo ti ń yà á ní fọ́tò látàárọ̀; nínú gbogbo ẹ̀, àtàrí ẹ̀ nìkan ló hàn.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n bá a wí ni, àbí kí n ṣe àmín sí àdúrà tí wọ́n ṣe fún un?