Onílù Ẹgbẹ́ Edurona

Ọgọ́rùn-ún dọ́là ni Àrẹ̀mú fi bá Dáramọ́lá jiyàn. Ọjọ́ tí òyìnbó kan ṣoṣo bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun mọ ẹgbẹ́ olórin tí Dáramọ́lá lóun bá wọn dá sílẹ̀ ní Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ náà ni yóò san án. Owó wà nílẹ̀. Òyìnbó ni kò yọjú.

Ẹnjiníà epo ni Dáramọ́lá, aládùúgbò Àrẹ̀mú ní Mission Bend, ní Houston. Kò sí ẹni tó jẹun nílé rẹ̀ rí tí kò gbọ́ ti ọjọ́ tó dá orin dúró. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà. Òun ló wà nídìí jáàsì, ìlù òyìnbó tí wọ́n ń jókòó lù. Helen, tó ń kọrin tó sì ń ta gìtá, wà níwájú. Bí orin ṣe ń wọra ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo orúkọ ẹgbẹ́ wọn: "Edurona! Edurona!" Dáramọ́lá bá gbé igi ìlù sílẹ̀.

Helen yíjú padà. "Kí ló dé?"

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Wọ́n ní ká dúró."

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ẹnu rẹ̀ lorúkọ náà ti jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣeré nílé ọtí kan, bàbá tó nilé ọtí mú ṣọ́ọ̀kì, ó fẹ́ kọ orúkọ wọn sára pátákó. Helen àti Olivia tó ń ta gìtá bésì ṣì ń jà lórí orúkọ. Dáramọ́lá ń gbé ìlù ńlá wọlé, ìlù ọ̀hún sì fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ni kí n kọ?" ni bàbá ń pariwo sí i létí.

"Ẹ dúró ná!" Yorùbá ló bọ́ sí i lẹ́nu.

Kó tó gbé ìlù kalẹ̀, bàbá ti kọ ọ́ gàdàgbà: EDURONA. Helen ní ó dùn létí ju gbogbo èyí táwọn ti ń jà lé lórí lọ. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n kọ́ Dáramọ́lá nílé pé èèyàn kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ láìfi "ẹ" sí i, Durona lásán ni wọn ì bá máa jẹ́.

Helen ló lẹ ìwé mọ́ ògiri yunifásítì tí Dáramọ́lá ti ń kàwé pé òun ń wá onílù. Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ní Iléṣà ni Dáramọ́lá ti kọ́ ìlù ní tiẹ̀, kò sì mọ ìlù kankan tí kì í gbé èèyàn dìde. Helen kọ orin kan fún un: òjò ń rọ̀, olólùfẹ́ ti lọ, tíì ti tutù.

"Ta ló kú?" ni Dáramọ́lá bi í.

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Kí ló wá ń pa wá lẹ́kún?"

Ló bá fi ìlù ìyìn gbá orin òjò nídìí. Bí àwọn ará Leeds ṣe ń sunkún ni wọ́n ń jó, òkìkí kàn, rédíò sì ń lu àwo orin wọn. Àrẹ̀mú a máa bi í pé, "Èló ló wọlé?" Dáramọ́lá á ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ohun tó wọlé, ọkọ̀ tó ń gbé wa kiri ló mu ún." Ìgbà tó yá ni bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ láti Iléṣà: "Ṣé ìlù tá a ní nílé ni mo rán ọ lọ lù lókè òkun ni?" Bó ṣe padà sídìí ìwé rẹ̀ nìyẹn.

Àwo kan ṣoṣo ló mú dé Houston, àkúnya omi sì gbé e lọ. Àrẹ̀mú ní, "Omi yẹn mà gbọ́n o! Ó fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, ẹ̀rí ló gbé."

Síbẹ̀, Dáramọ́lá kò yí ohùn padà. Bí Wòlíì bá sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé, "Ẹ dúró ná, ẹ̀yin ará," á dìde nídìí jáàsì, á sì tẹrí ba fún ìjọ.

Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló ń bi Àrẹ̀mú. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ṣì gbà pé irọ́ ni mo pa?"

"Lo oògùn rẹ," ni Àrẹ̀mú wí. Kò fẹ́ parọ́ fún ẹni tó ń kú lọ, kò sì fẹ́ já a kulẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n ń gbé pósí kọjá lórí koríko nígbà tí òyìnbó obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí. Ó wo pósí. Ó na ọwọ́ sókè, ó sì pariwo: "Edurona!"

Àwọn ọmọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì tó gbé pósí dúró gbọnin. Olúwaníyì tó wà níwájú ní, "Ta ló ní ká dúró?"

Wùmí, ìyàwó olóògbé, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí gbogbo èèyàn fi ń sunkún tí wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín, bíi tàwọn ará Leeds gẹ́lẹ́. Àrẹ̀mú ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: owó ọkọ̀ òfuurufú, owó hòtẹ́ẹ̀lì, owó takisí. Kò sí ẹni tó ń náwó tó bẹ́ẹ̀ yẹn láti wá gbe irọ́ lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, ó na ọgọ́rùn-ún dọ́là sí Wùmí. "Ìyàwó wa, mo jẹ ọkọ rẹ ní gbèsè. Òótọ́ ló sọ."

Wùmí rọra tì í lọ́wọ́ padà. "Èmi ni mo bá a wá Helen rí lórí Facebook kó tó kú. Ọkọ mi ní kí n má sọ fún yín, kí ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ó ní tẹ́ ẹ bá wá gbówó dé, kí n má gbà á."

"Kí ló ní kí o wí?"

"Ó ní: Ẹ dúró ná."

Àrẹ̀mú, tí kì í jẹ gbèsè, dá owó náà padà sápò. Ó ṣì wà níbẹ̀.