Ìpele Kẹta Nínú Géèmù Munawwarah

Munawwarah kì í gba nǹkan gbọ́ tán. Ilé aláró ni wọ́n bí i sí ní Òkè Fíà, l'Óṣogbo. Ìyá rẹ̀ ń pa aṣọ láró, òun náà sì mọ iṣẹ́ ọ̀hún kó tó lọ kọ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tó fẹ́ ṣe géèmù orí fóònù, aṣọ aró náà ló fi ṣe é. Ẹni tó ń ṣeré yóò máa darí ọmọbìnrin kan: yóò fi ìka ya àrà sórí aṣọ, yóò rì í bọ aró, yóò sá a, yóò sì gbé e lọ fún ẹni tó ni ín. Munawwarah ló ń kọ kóòdù. Ọlágòkè, tí wọ́n jọ kàwé, ló ń ya àwòrán láti ilé wọn ní Ẹ̀sà-Òkè.

Géèmù náà jáde, àwọn èèyàn ń gbà á sórí fóònù. Ṣùgbọ́n Munawwarah lè rí ibi tí oníkálùkù ti dáwọ́ dúró. Ìpele kìíní ń lọ, ìkejì ń lọ. Bí wọ́n bá ti dé ìkẹta, wọ́n á pa á rẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí. Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, géèmù náà ti kú nìyẹn.

Ìpele kẹta yẹn ni Ọlágòkè ya bàbá àgbà rẹ̀ sí, bàbá Ìjẹ̀ṣà kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń retí aṣọ. Láti ìgbà tí géèmù náà ti jáde ni Ọlágòkè ti dákẹ́. Ohunkóhun tí Munawwarah bá bi í, "Ó dáa" ló fi ń dáhùn. Munawwarah gbà pé ó ń ṣe géèmù tirẹ̀ níkọ̀kọ̀, ó sì ń ba èyí jẹ́.

Kò pè é tó fi wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀sà-Òkè. Ní Iwaraja, níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀ míì, ó yọ fóònù, ó pààrọ̀ páásíwọọ̀dù, ó sì yọ orúkọ Ọlágòkè kúrò lára àwọn tó lè fọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Ó wá tẹ̀ síwájú.

Ó bá Ọlágòkè àti ìyá àgbà rẹ̀ níwájú ilé. Ó kúnlẹ̀ kí màmá.

"O ò tilẹ̀ pè," ni Ọlágòkè wí. "Ṣé ọlọ́pàá lo dà ni?"

"Mo ní kí n wá wo ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́."

"Wò ó dáadáa. Yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà wò."

Géèmù náà ni màmá ń ṣe lórí fóònù. Munawwarah dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò. Nígbà tí màmá dé ìpele kẹta, ó gbé ìka kúrò.

"Ta ló bí ọmọ yìí?"

"Ọmọ wo, mà?"

"Èyí tó ń fọwọ́ òsì gbé aṣọ fún ọkọ mi." Ó da ojú fóònù délẹ̀ sórí ẹní.

Munawwarah gbé e wò. Òótọ́ ni. Ọwọ́ ọ̀tún ni Ọlágòkè yà. Ṣùgbọ́n ní ìpele kẹta, apá kejì ló yẹ kí ọmọ náà kọjú sí. Kí géèmù má baà wúwo, Munawwarah kò béèrè àwòrán tuntun. Ó kàn fi kóòdù yí ti tẹ́lẹ̀ padà, bí ìgbà tí èèyàn yí aṣọ lórí okùn. Ọ̀tún di òsì.

"O rí i, o ò sọ̀rọ̀," ni ó wí fún Ọlágòkè.

"Bàbá àgbà mi nìkan ni ọmọ yẹn na òsì sí. Mo rò pé o mọ̀ọ́mọ̀ ni. Mo ń wò ọ́ bóyá wàá tọrọ àforíjì."

"Kí ni bàbá rẹ fi ṣe mí?"

"Ohun tí mo ń bi ara mi náà nìyẹn."

Ọlágòkè fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra láti ya ọwọ́ mìíràn. Ó tẹ páásíwọọ̀dù, kò ṣí. Ó tún un tẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Ìgbà wo?"

"Ní Iwaraja."

"O ò tíì débí nígbà yẹn."

"Mi ò tíì débí."

Màmá wo ọ̀kan, ó wo ìkejì, ó ní ṣé wọn ò ní jẹun. Àwọn méjèèjì ní àwọn ti yó.

Munawwarah ṣí iṣẹ́ náà fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ páásíwọọ̀dù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Ó wá jókòó tì í, ó ń wo gbogbo ohun tó ń fọwọ́ kàn. Ọlágòkè mọ̀. Ó rọra yí kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀ Munawwarah, kó lè ríran dáadáa.