Nígbà Tí Ilé Bá Parí

Òórùn ọ̀dà tútù ni mo fi máa ń mọ̀ pé kíláàsì mi fẹ́ dín kù. Ṣàngótẹ̀dó ni ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba tí mo ti fẹ̀yìntì wà, ilé tuntun ló sì yí wa ká. Àwọn bíríkìlà láti ọ̀nà Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ máa ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ nínú ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, wọn a sì máa bá onílé ṣọ́ ọ. Nígbà tí iṣẹ́ bá gbóná, ọmọ á kún kíláàsì dé ojú fèrèsé. Bí wọ́n bá ti kun ilé tán, onílé á dé, ìdílé bíríkìlà á sì kó lọ. Àwọn èèyàn a máa sọ pé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò fẹ́ràn ìwé. Ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ló parí.

Ọmọbìnrin bíríkìlà kan wà ní kíláàsì àṣekágbá nígbà náà. Òun àti ọmọ méjì mìíràn ló ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹni méjì. Ẹni tó wà láàárín, ọmọbìnrin aránṣọ kan, kì í yé ráhùn nípa rẹ̀.

“Mà, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tún ti ń gún mi ní ìhà.”

Màá ní kí wọ́n sún. Ibi tí wọ́n á sún sí kò sí.

Nígbà tí òórùn ọ̀dà dé, bàbá ọmọ náà wá dágbére fún mi lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Ọ̀nà èbúté ọkọ̀ òkun tuntun, tó jìnnà sí wa, ni iṣẹ́ kàn. Mo ṣàlàyé fún un pé ọ̀dọ̀ wa ni ọmọ ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Bó bá lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀.

“Mo mọ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n ilé ta ni yóò máa sùn?”

Mo ṣì ń ro ẹni tí mo lè bẹ̀, nígbà tí ọmọ aránṣọ dìde.

“Kó máa bọ̀ nílé wa, sà. Èmi àti àbúrò mi la jọ ń sùn lórí ẹní. A ó sún.”

Bàbá wò ó. “Ṣé kì í ṣe ìwọ lọmọ mi ní ìgbọ̀nwọ́ òun ń gún?”

“Ó ti mọ́ mi lára, sà.”

Ìyá ọmọ aránṣọ náà gbà. Ọmọ bíríkìlà dúró, ó sì ṣe ìdánwò rẹ̀. Kí ìdánwò náà tó dé, ilé púpọ̀ sí i ti parí, bẹ́ǹṣì sì ti ń ṣófo. Mo ní kí àwọn mẹ́ta náà pín ara wọn ká. Wọ́n ní, “Ó dáa, mà.” Wọn kò kúrò níbẹ̀.

Títí di òní, mo ṣì ń sọ pé kíláàsì wa kún jù, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ òórùn ọ̀dà báyìí, bẹ́ǹṣì yẹn ni mo máa ń rántí, àti ọmọ tó ráhùn títí, tó sì sún.