Èémí Tí Ọkọ Mi Kò Tú Jáde

Àwọn ẹbí ọkọ mi gba ọmọ méjì lọ́wọ́ mi nílùú Ajá, wọ́n ní mo pa bàbá wọn. Inú ṣì ń bí mi, mi ò sì ní pa á mọ́ra.

Yanrìn ọ̀sà ni ọkọ mi ń wà. Á mú garawa dání, á fa èémí kan sínú, ó di ìsàlẹ̀ omi. Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo ọkùnrin ilé wọn nìyẹn: èémí tóo bá gbé wọ omi, o ò gbọdọ̀ tú u sílẹ̀ àfi tí orí rẹ bá yọ. Ojo ni wọ́n ń pe ẹni tó bá tú u.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ akóyanrìn ọ̀gá kan rì. Ọ̀gá náà gbé ẹ̀rọ wá, èyí tó ń ti afẹ́fẹ́ gba inú rọ́bà wọ ẹnu ẹni tó wà nísàlẹ̀, kí ọkọ mi lè pẹ́ níbẹ̀ títí á fi so okùn mọ́ ọkọ̀ náà. Mo wà létí omi, oúnjẹ ni mo gbé wá fún ọkọ mi, ó sì ti jẹ ẹ́. Ọ̀gá ní, "Tóo bá ń gòkè bọ̀, máa mí síta o. Má pa ẹnu dé." Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ ọmọ bàbá wa bí wọ́n ṣe ń mí? Àbúrò, má dójú tì wá o!"

Ọkọ mi so okùn náà. Ó pa ẹnu dé gbọnin gòkè. Bó ṣe yọrí, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ló bá di àyà mú, ẹ̀jẹ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀. Ká tó gbé e dé ọsibítù, ó ti kú.

Dókítà pe èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bi wá bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ tó fà nísàlẹ̀ ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń gòkè. Nígbà tí kò tú u jáde, ó fa ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ya, ó wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó ń hó bí ìfóòfó ọṣẹ, ó sì lọ dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ ketekete. Kò wò mí.

Nílé wọn, ẹni tó bá gbé òkú wálé ló ń rò ó fún àgbà. Wọ́n bi í pé kí ni dókítà wí. Ó ní, "Dókítà ò rí nǹkan kan. Oúnjẹ ìyàwó rẹ̀ ló jẹ kẹ́yìn."

Háà! Ọ̀dájú ọkùnrin! Mo pariwo pé irọ́ ni, afẹ́fẹ́ ló pa á. Ìyá ọkọ mi gbá mi létí. "Afẹ́fẹ́ wo? Èyí tí gbogbo wa ń mí yìí?" Àwọn kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, òkú ṣì wà nílẹ̀.

Bí mo ṣe ṣe opó tán, wọ́n da ẹrù mi síta, wọ́n dá àwọn ọmọ dúró. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà kí n wá wò wọ́n. Mo ra búrẹ́dì lọ. Ọmọbìnrin mi kékeré ti rù, egungun ọrùn rẹ̀ yọ síta, ó sì ń wo búrẹ́dì náà, ó ń gbé itọ́ mì. Mo bù ú fún un. Ó ti ọwọ́ mi padà jẹ́jẹ́.

"Ẹ má bínú, màámi," ó ní. "Mi ò fẹ́ kú."