Ọwọ́ Tí Mo Nà Lọ́jọ́ Jímọ̀

Gbogbo ayé ló ń yin ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ sinimá àtijọ́ nítòsí Ọjà Akẹ̀sán, ní Ọ̀yọ́. Ó dára lóòótọ́. Èmi ni n kì í fẹ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Kí wọ́n tó kọ́ ọ, igbó ti bo ilẹ̀ sinimá náà. Létí igbó náà ni èmi tí mò ń tún fóònù ṣe àti bàbá kan tó ń rán bàtà jọ gbé tábìlì sí. Aládùúrà ni mí, Mùsùlùmí ni wọ́n. Bí mo bá lọ ṣe ìsìn láàárọ̀ Ọjọ́rú, wọ́n á bá mi ṣọ́ ọjà mi. Bí wọ́n bá lọ kírun Jímọ̀, èmi náà á bá wọn ṣọ́ tiwọn. Àwọn ló ń fi àdá ara wọn ṣán igbó náà kí ejò má baà bù wá jẹ. Wọ́n a máa ní, "Bí wọ́n bá kọ́ ibí, màá fi orí ara mi sábẹ́ òrùlé kí n tó kú."

Ọ̀sán Jímọ̀ kan ni akọ̀wé àwọn tó fẹ́ kọ́lé wá gba orúkọ àwa tí a wà níbẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ò ní kárí. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, kí aládùúgbò rẹ̀ nawọ́ fún un, àmọ́ ẹnì kan ò gbọdọ̀ nawọ́ fún ju ẹnì kan lọ. Bàbá wà ní mọ́ṣáláṣí. Mo nawọ́. Akọ̀wé ní ta ni mo nawọ́ fún, orúkọ ìyàwó mi ló jáde lẹ́nu mi.

Ìyàwó mi tó ní ìsọ̀ tirẹ̀ nínú Akẹ̀sán, tí kò gbé tábìlì síbẹ̀ rí! Ojúkòkòrò, baba ọ̀kánjúà. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹlòmíì á nawọ́ fún Bàbá. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi, ta ló tún sún mọ́ wọn tó mi? Akọ̀wé pa ìwé dé. Nígbà tí ìyàwó mi gbọ́, ó ní, "Bàbá oníbàtà wá ńkọ́?" Mo kanra mọ́ ọn bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí. Àpò gàrí ló ń kó sínú ṣọ́ọ̀bù náà di òní.

Bàbá kó irinṣẹ́ wọn lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó pẹ́ kí n tó lè lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀bá títì ni mo bá wọn, wọ́n ń rán bàtà nínú oòrùn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo bá wá." Wọ́n ní kí n dìde.

"Má da ara ẹ láàmú, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé o nawọ́ fún mi. Akọ̀wé yẹn ni kò kọ ọ́ sílẹ̀, àbí?"

Wọ́n ń wo ojú mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."