Ìṣó Kan Lára Ìbẹ́pẹ Akọ

Ẹnu géètì ni mo wà tí mo ti gbọ́ ìró òòlù. Ọjà Santana ni mo ti ń bọ̀, níbi tí mo ti lọ ra yìnyín ní kùtùkùtù, mo sì gbé kúlà dání. Ẹ̀yìn ilé ni ìró náà ti ń wá. Kò sí ohun tí ènìyàn lè kan ìṣó mọ́ níbẹ̀ àfi igi ìbẹ́pẹ mi.

Mo ń pè é ní tèmi, àmọ́ èmi kọ́ ni mo gbìn ín. Ayálégbé ni mí ní Ugbor, nílùú àwọn Ẹ̀dó, inú yàrá méjì tí mo kó sí lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú. Igi náà hù fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìdáná. Akọ ni. Òdòdó rẹ̀ a máa rọ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀pá gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í so. Ohun tí wọ́n ń fi ìbẹ́pẹ akọ ṣe ni pé kí wọ́n já ewé rẹ̀ sínú àgbo ibà, tàbí kí wọ́n gé e. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́ èṣín, mo rí èso wẹ́wẹ́ lórí ọ̀pá òdòdó rẹ̀. Wọn kò dàgbà, wọ́n rẹ̀ dànù kí òjò tó dé. Mo ti ya fọ́tò wọn, mo sì fi han olùkọ́ tó ń darí ìwádìí mi ní yunifásítì.

Obìnrin ni, mo sì fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ. Mo pẹ́ kí n tó kàwé. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń mú ọmọ wọn lọ sílé-ìwé gíga, èmi ń ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Ó wo fọ́tò náà títí.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "igi yìí la ó fi ṣe iṣẹ́ yín."

Láti gbòǹgbò igi dé ewé rẹ̀, àwọn àṣẹ kan náà ló wà níbẹ̀, àwọn tí à ń pè ní jíìnì. Ìbẹ́pẹ akọ ní àṣẹ tó ń kọ́ ilé ọmọ sínú òdòdó. Ó ní in, ó kàn tì í pa ni. Tí ọyẹ́ bá mú, ohun kan a ṣí i fún òdòdó díẹ̀. Ohun tí à ń wá ni èyí tó ń ṣí i àti èyí tó ń tì í, inú ìrudi òdòdó la sì ti fẹ́ wá a, ìrudi tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, tí ìyẹ̀fun akọ inú rẹ̀ kò tíì gbó. A ti já ti ìgbà òjò. Ó ku ti ọyẹ́. Àdéhùn wa ni pé láàárọ̀ ọjọ́ kejì ọjọ́ tí mo ra yìnyín yìí ni olùkọ́ mi máa gbé fúlásíkì onírin kan wá, tí náítírójìn olómi wà nínú rẹ̀. Ó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì. Ohun tó bá bọ́ sínú rẹ̀, bó ṣe wà náà ló máa dúró. Ilé-ẹ̀kọ́ sì ti sọ fún mi pé ìparí ọdún tó ń bọ̀ ni òpin àsìkò mi. Tí ọyẹ́ yìí bá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ọ̀kan péré ló kù.

Mo sáré lọ sẹ́yìn ilé.

Màmá ló dúró níbẹ̀. Iwájú ilé kan náà ló ń gbé, opó ni, ọmọ Èkìtì, òun sì ni gbogbo ìjọ wa ń pè ní Màmá. Ọkùnrin tó máa ń bá a ro ẹ̀yìnkùlé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú òòlù àti àdá. Ìṣó ńlá kan ti wọ ara igi náà dé ìdajì. Oje funfun ń ṣàn lára rẹ̀.

"Áà, o ti tètè dé!" ni Màmá wí. "Mo fẹ́ ká parí ẹ̀ kí o tó dé ni."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó dúró."

"Kó dúró kẹ̀? Ọ̀kan ṣì ni. Ó ku méjì, ká tó wá bẹ́ orí ẹ̀. Akọ ìbẹ́pẹ tó bá gba ìṣó, tipátipá ló máa so."

Ọkùnrin náà sọ òòlù kalẹ̀. "Oga, na Mama call me o. I never even knock am well."

Mo tẹ olùkọ́ mi láago. Mo sọ fún un pé wọ́n ti kan ìṣó mọ́ igi náà.

"Ìṣó? Ta ló kàn án?" Kò dúró gbọ́ ìdáhùn. "Ẹ gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Igi tí wọ́n bá gún á ké sí gbogbo ara ẹ̀. Kò ní pẹ́ tí igbe yẹn á fi dé ọ̀dọ̀ òdòdó. Ẹ má fa ìṣó yẹn yọ, ọgbẹ́ míì nìyẹn. Ẹ má sì já nǹkan kan. Mo ń lọ gbé fúlásíkì báyìí."

"Aduwawa ló wà."

"Mo mọ̀." Ó pa fóònù.

Láti Aduwawa dé Ugbor, ènìyàn gbọ́dọ̀ la ìlú kọjá, lásìkò tí gbogbo ayé ń lọ síbi iṣẹ́. Mo dúró ti igi náà. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Mo kàn ń wo ìrudi tó wà lókè, bí ẹni pé mo lè rí ohun tó ń lọ nínú wọn.

Màmá fa àpótí kan, ó jókòó. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ tí ojú ẹ fi rí báun?"

"Ọ̀gá mi ní yunifásítì."

"Nítorí ìbẹ́pẹ?"

"Nítorí ìbẹ́pẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní onílé ti sọ fún òun pé tí igi náà kò bá so kí òjò ọdún yìí tó dáwọ́ dúró, onílé á gé e, á gbé táńkì omi síbẹ̀. "Mo sì ń wò ọ́ láràárọ̀ tí ò ń dúró lábẹ́ ẹ̀. Mo ní, ọkùnrin yìí ò ní aya mọ́, kò sì lẹ́nu ọ̀rọ̀. Igi akọ yìí nìkan ló ń bá ṣọ̀rẹ́. Tí wọ́n bá tún gé ìyẹn ńkọ́?"

N kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wò mí.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí nǹkan kan kàn án títí di ọ̀la."

"Ìṣó ni ìyá mi kàn mọ́ tiẹ̀ nílé, ó sì so. Mo jẹ níbẹ̀. Àbí irọ́ ni mo ń pa?"

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Kí wá ni ìjà?"

Mo wá bí mo ṣe máa sọ ọ́. "Màmá, tí ọmọ bá ní ibà, tí ẹ fún un ní àgbo, tí nọ́ọ̀sì náà gún un lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kan náà, tí ara ẹ̀ wá yá. Èwo ló wò ó sàn?"

"Àgbo ni."

"Nọ́ọ̀sì ńkọ́? Kí ló máa sọ?"

Ó wò mí. Ó wo ìṣó náà. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ṣé mo ti bà á jẹ́ fún ọ ni?"

"Mi ò mọ̀, Màmá."

Oòrùn ti gun orí ògiri kí olùkọ́ mi tó dé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé fúlásíkì sílẹ̀, ó ṣí i, èéfín funfun tú jáde, ọkùnrin olóòlù sì fò sẹ́yìn. Mo gbé àkàbà ti igi náà, mo gùn ún. Ẹ̀mú kékeré ni mo fi ń já ìrudi sínú ike tó wà nínú yìnyín, mo ń nà án sí i, òun sì ń sọ ọ́ sínú òtútù náà. Ìgbà tó dé ìdérí lé e tán ló tó kúnlẹ̀ kí Màmá.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú, mà."

"Ìwọ lọ̀gá ẹ̀? Ọmọ kékeré báyìí! Ṣé ó máa ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu?"

"Ó ń gbọ́ mà. Ọ̀rọ̀ ni kì í sọ."

A fi àwọn ìrudi náà ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń ka jíìnì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í retí èsì. Tí a bá ti jáde ní ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, Màmá á ní, "Igi wa ńkọ́?" Mo máa ń dáhùn pé a ò tíì gbọ́. Ìṣó náà ṣì wà níbẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀, ó le. Igi náà ń tanná, kò sì so.

Òjò ti ń lọ sópin kí èsì tó dé. Olùkọ́ mi ṣí i sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó yí i sọ́dọ̀ mi. Àwọn jíìnì tó máa ń jí tí igi bá gbọgbẹ́ ló kún gbogbo ojú ìwé. Àwọn tí à ń wá ṣí nínú ìrudi díẹ̀, wọ́n sì wà ní títì nínú ìyókù. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ bóyá ọyẹ́ ló ṣí wọn tàbí ìṣó.

"A ò lè gbé èyí síwájú ẹnikẹ́ni, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Àfi ọyẹ́ tó ń bọ̀. Ṣé igi yẹn á ṣì wà níbẹ̀?"

Mo sọ fún un pé n kò mọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá ń ṣa ẹ̀gúsí ní ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó rí ojú mi, ó sì dá ọwọ́ dúró. "Ṣé mo bà á jẹ́?"

Ó rọrùn láti ní rárá. Àánú mi ló mú un ṣe ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n onílé ti kó yanrìn àti búlọ́ọ̀kù táńkì rẹ̀ wá, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Kò sí àyè láti parọ́ mọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ìṣó yẹn bà á jẹ́."

Ó mi orí. Ó ṣa ẹ̀gúsí díẹ̀ sí i. "Ọ̀nà wo ló kù?"

"Ọyẹ́ kan ló kù. Tí wọn ò bá gé e."

Ó gbọn ìyàngbò kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó fa gèlè lára ìlẹ̀kùn, ó sì ń wé e. "Ó yá, ká lọ bá onílé."

"Ẹ jókòó, Màmá. Mo lè dá lọ."

"Ìwọ! Kí lo máa sọ? Wàá ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́, o ó sì máa wo ilẹ̀."

Onílé wà níwájú ilé rẹ̀, ó ń gé èékánná. Màmá fi èdè Ẹ̀dó bá a sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ nílùú yìí jù mí lọ. Ó ń nawọ́ sí mi, ó ń lu àyà ara rẹ̀, ó sì fi ìka ṣe àpẹẹrẹ bí wọ́n ṣe ń kan ìṣó. Onílé kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Màmá sọ̀rọ̀ tán, onílé yíjú sí mi.

"Wetin dey inside that flower wey you dey find?"

Màmá fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo sọ ti ilé ọmọ tí igi akọ tì pa, mo sọ ti ọyẹ́, mo sọ ti àsìkò mi tó ń parí lọ. N kò rántí ìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ tó báyẹn rí láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú. Onílé gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá sí i. Ó fi abẹ èékánná sápò.

"One harmattan," ó ní. "After that one, na my tank."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti wọlé kí n tó dúpẹ́ tán.