Ọjọ́ Tí Wọ́n Gé Ìka Olókè

Bánkọ́lé Ọdúnmáyọ̀ ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nínú ọ̀rọ̀ òkè yìí, mo sì fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ ṣáájú ti ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mo ń kọ. Ọmọ tí mo kọ́ ní kíláàsì ni. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di kálàmù mú ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa, ní ìlú kékeré kan láàárín Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣàgámù. Ní ọdún tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá, ó ti di káńsẹ́lọ̀, ó sì ń wá ìbò láti wọ ilé aṣòfin. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́lé sí ẹsẹ̀ òkè yẹn báyìí, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ọparun ló bo òkè náà nígbà yẹn láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé Olókè ló ni ibẹ̀, pé gbòǹgbò ọparun wọ̀nyẹn ni ìka rẹ̀, tó fi di ilẹ̀ mú kí ó má baà ya lu ìlú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àdá kàn án. Àwa ọmọ ìjọ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi gan-an, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ ọwọ́, a gé ọparun tí a fi ṣe ọgbà yí oko ilé ẹ̀kọ́ ká. Nǹkan kan kò ṣe wá. Ọparun náà tún hù.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ ọ̀nà pọ̀ lágbègbè Ògèrè, àwọn tó ń wa yangí sì gbọ́ nípa òkè wa. Bánkọ́lé ló fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi wọlé. Katapílà hú ọparun tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹsẹ̀ òkè náà bí ẹni ń gé búrẹ́dì.

Ìyá Dúpẹ́ ló kọ́kọ́ fura. Opó ni, gàrí ló ń ṣe, kò sì sí ilé tó sún mọ́ òkè tó tirẹ̀. Ó ránṣẹ́ pè mí.

"Tísà, wá wo nǹkan. Ọkọ mi ló kan ìlẹ̀kùn yìí, láti ọjọ́ náà ló ti ń tì. Ní báyìí kò tì mọ́. Ṣé ìlẹ̀kùn ló sanra ni, àbí ilé ló ń rìn?"

Mo wo ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀. Ilẹ̀ ti là gbọọrọ, ihò náà gba ọwọ́ mi. Omi ìsun tí wọ́n ń pọn ti pupa.

"Ilẹ̀ ló ń rìn, mà."

"Ìka Olókè ni wọ́n ń gé."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ Olókè yẹn ní káńsù. Wọ́n á fi wá rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ ká sọ pé gbòǹgbò."

"Kí ni ìyàtọ̀?"

Mo lọ kọ ìwé sí káńsù, gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ gaara, ojú ewé mẹ́ta. Mo ṣàlàyé bí òjò ṣe ń wọ inú ilẹ̀ tí kò ní gbòǹgbò mọ́, bí ilẹ̀ náà ṣe ń wúwo, àti pé ara òkè kò lè dúró tí wọ́n bá ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró, kí wọ́n gbin ọparun padà, kí wọ́n la gọ́tà sórí òkè náà kí omi lè gba ibòmíràn. N kò lọ bá àwọn àgbà tó ń bọ Olókè. Ká ní mo lọ, gbogbo wọn ni ì bá jáde wá tì wá lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ìjọ rí mi láàárín wọn.

Bánkọ́lé ka ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tísà, gírámà yín ṣì dùn." Ó tì í sínú dúrọ́ọ̀.

Bí ó ti kù díẹ̀ kí a dìbò, àwa obìnrin jókòó sójú ọ̀nà tí àwọn típà fi ń kó yangí. A gbé ẹ̀gẹ́ àti ọ̀bẹ wá, a ń bẹ ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, àwọn dírẹ́bà ń fọn fèrè títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Ní ọ̀sán, Bánkọ́lé dé, ó wọ aṣọ funfun báláú.

Ìyá Dúpẹ́ kò dìde. "Bánkọ́lé! Ìwọ tí wọ́n sọ lórúkọ ilé kíkọ́, ilé tiwa lo wá ń wó?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ pupa yẹn. "Ẹ̀yin ìyá mi, típà kankan ò ní gun ibí mọ́. Ẹ ṣáà dìbò fún mi."

Aṣọ funfun tó di pupa yẹn ló gba ìbò wa. Èmi ni mo kó àwọn obìnrin lọ síbi ìdìbò, èmi ni mo fi ìka ara mi tọ́ka sí ibi tí wọn yóò tẹ̀ fún wọn. Ó wọlé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn típà padà.

Nígbà tí Bánkọ́lé máa ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo yà sọ́dọ̀ Ìyá Dúpẹ́ láàárọ̀ pé kí a jọ lọ, kí ìjọ má baà sọ pé a ń bínú.

"Èmi ń bínú," ó ní. "Ìwọ lọ bá a jó."

Mo lọ. Òjò ń lu páànù tó bẹ́ẹ̀ tí a kò gbọ́ ohùn pásítọ̀ dáadáa. A kò gbọ́ òkè náà nígbà tó ya. A ti ń jó lọ síwájú pẹpẹ kí obìnrin kan tó já wọlé, ẹrẹ̀ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń nawọ́ sí ọ̀nà òkè.

Ilé mẹ́fà ló lọ, ẹni mẹ́jọ ló kú. Ọkọ́ àti ọwọ́ ni a fi wà wọ́n. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni a rí Ìyá Dúpẹ́, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn rẹ̀, asẹ́ gàrí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlẹ̀kùn tó ti kọ̀ tí kò tì, ọjọ́ náà ló kọ̀ tí kò ṣí.

Kí ni a rí gbà? Wọ́n dá yangí wíwà dúró. Àwa obìnrin gbin ọparun padà, a fi ọwọ́ ara wa la gọ́tà, a to òkúta sí ẹsẹ̀ òkè náà, kò sì tíì mì láti ìgbà yẹn. Ẹni mẹ́jọ ni a fi rà á. Wọn kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Wọn kò kọ orúkọ àwọn òkú sí ibì kankan. Ní báyìí, wọ́n tún ti ń gé ọparun náà láti ta ilẹ̀, àwọn tó ń rà á kò sì béèrè ìdí tí kò fi sí ilé kankan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bánkọ́lé wá kí mi ní ọdún tó kọjá. Òun náà ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. N kò fi omi lọ̀ ọ́. Mo ní, "Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ kí n tó kú. Ìwọ lo pa Ìyá Dúpẹ́."

Kò bá mi jiyàn. Ó gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò gbà, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Èmi ni mo fọwọ́ sí i, mà," ó ní. "Àwọn àgbà bẹ̀ mí kí n má fọwọ́ sí i, ọjọ́ iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ni mo sì rántí. Ẹ̀rù ń bà mí lọ́jọ́ náà, mò ń sunkún, mi ò fẹ́ gé e. Ẹ̀yin lẹ fi àdá lé mi lọ́wọ́, Tísà. Ẹ ní, 'Gé e, Bánkọ́lé, igi lásán ni.'"